Yíyan Bọ́ọ̀dù Kọ̀ǹpútà fún Àpótí Ìkàwé ní Ìkọ̀lé-Èkìtì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́

Iṣẹ́ tí mo ń kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni ti àpótí ìkàwé kan tí a ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì. Àpótí náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń tan Wi-Fi tirẹ̀ sí yàrá ìkàwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi tábúlẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé wọlé sí i láti kàwé, láti wo fídíò ẹ̀kọ́ ìṣirò, àti láti wá ohun tí kò bá yé wọn nínú Wikipedia. Bí a ṣe yan bọ́ọ̀dù ni yóò gba àyè jù nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó sí ohun tí iṣẹ́ wọn kò béèrè. Bọ́ọ̀dù tí ó yẹ kí a rà, ní èrò tèmi, ni èyí tí bátìrì tí a ní lè gbé, tí ẹlòmíràn nítòsí sì lè tún ṣe nígbà tí ẹni tí ó kọ́ ọ kò bá sí nílé. Ìgbà tí bọ́ọ̀dù kan bá yege nínú méjèèjì yìí ni ó tó kan ọ̀rọ̀ bí ó ṣe yára tó.

Sọ́fítíwíà méjì ni a fẹ́ kí àpótí náà máa gbé. Èkíní ni Kiwix, tí ó ń ka fáìlì ZIM, ìyẹn àkójọ ojú-ewé tí a ti fún pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo kí a lè máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia èdè Yorùbá wà ní irú ètò yìí, àpilẹ̀kọ tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Odindi rẹ̀ kò gba àyè púpọ̀ lórí káàdì mẹ́mórì tí bọ́ọ̀dù ń kó fáìlì sí. Ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ tóbi tó nǹkan bí gígábáìtì 100, nítorí náà èyí tí kò ní àwòrán ni a mú. Èkejì ni Kolibri, tí ó ń to ẹ̀kọ́, ìdánrawò àti fídíò sílẹ̀ ní kíláàsì-kíláàsì, tí ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé. Kiwix kò ni bọ́ọ̀dù lára. Kolibri ni ó ń béèrè mẹ́mórì nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òun sì ni a fi dán àwọn bọ́ọ̀dù wò.

Àwọn bọ́ọ̀dù tí a gbé kalẹ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012, tí Raspberry Pi àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà lórí pátákó kan ṣoṣo ti di ohun tí ọ̀dọ́ lè fi owó kékeré rà láti fi kọ́ṣẹ́. Dọ́là 35 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á. Owó tí a ń rí lórí ìkéde kì í sì í ṣe owó tí ọjà ń dá lé e ní Nàìjíríà: owó ẹrù àti pàṣípààrọ̀ dọ́là ń gun orí rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sì wọ́n gógó káàkiri ayé ní ọdún 2021 àti 2022, àwọn tí ń tún un tà sọ ọ́ di ìlọ́po owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo bọ́ọ̀dù àlòkù tí ó dára pẹ̀lú ojú rere.

Mẹ́rin ni a gbé sórí tábìlì. Raspberry Pi Zero 2 W jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 ní dọ́là 15. Ọpọlọ mẹ́rin ni ó ní, ṣùgbọ́n mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 512 péré, kò sì ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Raspberry Pi 3B+ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018 pẹ̀lú mẹ́mórì gígábáìtì 1, ojú USB mẹ́rin, ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti Wi-Fi tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí 2.4 àti 5 gígáhátísì. Àlòkù ni tiwa. Raspberry Pi 4 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ó sì yára ju 3B+ lọ dáadáa. Èyí tí ó ní gígábáìtì 2 ni a yá wò. Ẹ̀kẹrin ni Orange Pi Zero 3 tí wọ́n ń ṣe ní Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó kéré ní ìrísí, tí a sì lè rà pẹ̀lú mẹ́mórì gígábáìtì 1, 1.5, 2 tàbí 4.

Raspberry Pi 5 kò dé orí tábìlì wa. Ó lágbára gan-an, ó sì ní aago tirẹ̀ àti bọ́tìnnì tí a fi ń pa á lára, nǹkan méjì tí a ní láti fi ọwọ́ ara wa ṣe fún bọ́ọ̀dù tí a yàn. Ṣùgbọ́n ṣájà fólítì 5 tí ó ń gbé áńpù 5 ni wọ́n ní kí a fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, irú ìyẹn kò sì rọrùn láti fà jáde lára bátìrì fólítì 12 kékeré. A tún yẹ Le Potato ti ilé-iṣẹ́ Libre Computer wò, a sì fi í sílẹ̀ nítorí pé kò ní Wi-Fi lára.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ooru tàbí omi inú táǹkì ni ẹnìkan fẹ́ máa kà, kò yẹ kí ó ra ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí. ESP32 tàbí Raspberry Pi Pico tó o. Wọn kì í ṣe kọ̀ǹpútà ní kíkún, iná tí wọ́n ń jẹ kéré púpọ̀, wọn kò sì ní káàdì tí yóò bàjẹ́ bí iná bá lọ lójijì. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé Raspberry Pi 4 ka orí ẹ̀rọ tí ó kàn ń tan pọ́ńpù omi, tí wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé bátìrì àwọn kì í pẹ́ kú.

Iná ni ó kọ́kọ́ dájọ́

Iná ìjọba kò dé yàrá ìkàwé náà lójoojúmọ́, nítorí náà sólà ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Bátìrì líthíọ̀mù LiFePO4 kan ni olùrànlọ́wọ́ kan fún ilé-ìwé, fólítì 12.8, áńpù-wákàtì 6. Bí a bá sọ 12.8 di ìlọ́po 6, a ó rí wáàtì-wákàtì 76.8. A kì í fẹ́ fa bátìrì gbẹ, nítorí náà ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a kà sí tiwa, ìyẹn 61; ẹ̀rọ tí ó ń sọ fólítì 12 di 5 sì ń jẹ díẹ̀ nínú èyí lójú ọ̀nà, ohun tí ó ń dé bọ́ọ̀dù fi wá jẹ́ nǹkan bí 52. Nínú 52 yìí ni àpótí yóò ti jẹun ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, irú èyí tí ó ń wáyé léraléra ní Èkìtì láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án.

Mo fi mítà USB sí ojú iná bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì ń ka ìwé lórí rẹ̀. Zero 2 W ń fa wáàtì 1.2 tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orange Pi Zero 3 lé díẹ̀ ní 2, 3B+ wà ní àyíká 3, Pi 4 sì ń sún mọ́ 4, ó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà tí fídíò bá pọ̀. Ilé-ìwé ń lo àpótí náà fún wákàtì 8 lójúmọ́. Zero 2 W yóò jẹ nǹkan bí wáàtì-wákàtì 10 lójúmọ́, nítorí náà ó lè ṣe odidi ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé láìrí oòrùn. Orange Pi yóò ṣe ọjọ́ mẹ́ta ó dín díẹ̀, 3B+ yóò ṣe ọjọ́ méjì, Pi 4 kò sì ní parí ọjọ́ kejì. Bí bátìrì bá kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì nígbà tí olùkọ́ ti kó kíláàsì wọ yàrá ìkàwé, irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ di ohun tí a tì sí kọ́ńà. Bí a ṣe fi Pi 4 sílẹ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó yára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bátìrì tí ó tóbi jù lè gbé e, ṣùgbọ́n owó bátìrì náà yóò ju owó bọ́ọ̀dù lọ.

Zero 2 W kò ní ìṣòro iná, mẹ́mórì ni kò tó. Ó gbé Kiwix dáadáa. Nígbà tí a fi Kolibri kún un tí tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá sì wọlé, mẹ́mórì kún, bọ́ọ̀dù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì ṣe mẹ́mórì, ojú-ewé sì ń pẹ́ kí ó tó ṣí. Fífi káàdì ṣe mẹ́mórì báyìí máa ń tètè pa káàdì. Ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ Kiwix nìkan, èmi yóò ní kí wọ́n ra Zero 2 W láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ni yóò tún un ṣe?

Ó wá ku Orange Pi àti 3B+. Bí a bá wo ìṣirò iná nìkan, Orange Pi ni ó borí: ó ń jẹ iná tí ó kéré sí ti 3B+, mẹ́mórì rẹ̀ lè jù ú lọ, owó tuntun rẹ̀ sì wà ní ibi tí ọwọ́ lè tó. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òun ni kí a mú nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé náà, ìyá tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bi mí pé, “Ọmọ mi, bí o bá ti padà sí Adó, ta ni yóò máa bá wa tọ́jú rẹ̀?”

Ìbéèrè náà lágbára, ó sì yí àfiwé wa padà. Mo dáhùn pé, “Mà, ẹ jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò.” Ohun tí mo yẹ̀ wò ni bí ètò ìṣiṣẹ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ń gbé bọ́ọ̀dù dìde, ṣe ń dé ọwọ́ ẹni. Ní ti Orange Pi, orúkọ bọ́ọ̀dù gan-an ni a ó fi mú ètò tirẹ̀, yálà láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é tàbí láti ọ̀dọ̀ Armbian, ìyẹn àwọn tí ń ṣe ètò ìṣiṣẹ́ fún oríṣiríṣi bọ́ọ̀dù kékeré. Èyí tí a ṣe fún Zero 3 kò ní tan bọ́ọ̀dù Orange Pi mìíràn tí ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀. Ní ti Raspberry Pi, ètò kan náà ni ó ń tan Zero 2 W, 3B+ àti Pi 4. Mo yọ káàdì lára 3B+, mo fi í sínú Zero 2 W, ó sì tàn pẹ̀lú gbogbo ìwé inú rẹ̀. Mo fi í sínú Pi 4, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìtumọ̀ èyí fún ilé-ìwé ni pé bí bọ́ọ̀dù bá jó, Raspberry Pi èyíkéyìí nínú mẹ́ta wọ̀nyí tí a bá rí yá yóò gbé ilé-ìkàwé náà dìde ní ọjọ́ yẹn gan-an, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tún sọ́fítíwíà fi sí i.

Ẹ rántí C.H.I.P., kọ̀ǹpútà dọ́là 9 tí ariwo rẹ̀ gba ayé kan ní ọdún 2015. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kógbá sílé ní ọdún 2018, àwọn tí ó ti rà á sì ń wá ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ kiri lọ́wọ́ ara wọn. Bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ẹni tí ń tọ́jú sọ́fítíwíà rẹ̀ mọ́ yóò gba àkókò àti làálàá lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń lò ó. Èmi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Orange Pi yóò rí, nítorí àwọn tí ń bá Armbian ṣiṣẹ́ ń ṣe gudugudu méje. Ohun tí mo ń wò ni àwọn tí ó wà nítòsí ilé-ìwé yìí. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà ní Ìkọ̀lé fúnra rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ sì ti fọwọ́ kan Raspberry Pi rí. Ẹni tí ó lè wá wò ó lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé wà ní ibi tí ọ̀kadà yóò gbé e dé.

3B+ ni a mú. Ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ tún jẹ́ àǹfààní: iye tábúlẹ́ẹ̀tì tí Wi-Fi inú rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà ní ààlà, bí kíláàsì bá sì pọ̀ sí i, a lè so ráútà mọ́ ọn láìpààrọ̀ ohunkóhun.

Kíkọ́ àpótí

Igi ni a fi kan àpótí, nítorí pé irin kì í jẹ́ kí Wi-Fi jáde dáadáa. Bàbá káfíńtà tí ó ṣe é fẹ́ dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kí eruku ọyẹ́ má baà wọlé. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó gbọ́dọ̀ mí.” Wọ́n ní, “Bí ó bá ń mí, ọmọńlé á wọ ibẹ̀, agbọ́n á sì kọ́lé sí i.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí a wá ṣe ni pé wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ àti sí òkè ẹ̀yìn, a sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí ihò náà láti inú. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tí ó gbóná ń gba òkè jáde.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í ṣe eré lórí 3B+. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá ti gbóná dé 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù láti 1.4 gígáhátísì sí 1.2. Lábẹ́ òrùlé páànù ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, kì í pẹ́ dé ibẹ̀. A lẹ irin agbooru kékeré mọ́ ọpọlọ náà, a sì gbé àpótí kọ́ ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í bà. A kò fi fáànù sí i, nítorí fáànù ń jẹ iná, eruku sì máa ń pa á.

Páánẹ́lì sólà wáàtì 30 ni a gbé sórí òrùlé. Èkìtì wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ní ìwọ̀n tí ó lé díẹ̀ ní dígírì 7, nítorí náà gúúsù ni a kọjú páánẹ́lì sí, a sì dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí dígírì 10 kí òjò lè máa fọ eruku orí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ń darí iná sínú bátìrì gbọ́dọ̀ wà lórí ètò LiFePO4. Ètò bátìrì olómi tí ó sábà máa ń wà lórí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ lè gbé fólítì kọjá ibi tí bátìrì líthíọ̀mù ń fẹ́. Fíúsì wà lórí wáyà bátìrì, nítòsí bátìrì gan-an.

Wáyà USB tí ó lọ láti ẹ̀rọ fólítì 5 sí bọ́ọ̀dù ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù. Bọ́ọ̀dù ń tàn, Wi-Fi rẹ̀ sì ń já nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá pọ̀. Àṣẹ kan wà tí ó ń sọ ìdí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn vcgencmd get_throttled. Bí èsì bá jẹ́ 0x0, ara dá. Èsì tiwa ni 0x50000, tí ó túmọ̀ sí pé fólítì ti lọ sílẹ̀ jù ní àkókò kan láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti tàn, bọ́ọ̀dù sì ti dín agbára rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Raspberry Pi máa ń ké gbàjarè bí iná rẹ̀ bá ti dín sí 4.63. Mítà fi hàn pé fólítì 5 ń jáde láti orísun, ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín tí ó gùn ń jẹ ẹ́ kí ó tó débẹ̀. A gé wáyà kúrú, a fi èyí tí ó nípọn dípò, a sì yí ẹ̀rọ fólítì náà sí 5.1. Láti ìgbà náà, 0x0 ni a ń rí. Mo rọ ẹnikẹ́ni tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣe ségesège pé kí ó kọ́kọ́ tẹ àṣẹ yẹn kí ó tó dá sọ́fítíwíà lẹ́bi.

Aago àti bọ́tìnnì

3B+ kò ní aago tí ń rìn nígbà tí iná bá ti kú, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò ti béèrè àkókò. Kolibri sì ń kọ ọjọ́ sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a fi aago DS3231 sí i pẹ̀lú bátìrì kékeré CR2032. Ìlà kan nínú config.txt, fáìlì tí bọ́ọ̀dù máa ń kà nígbà tí ó bá ń tàn, ni ó ń jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n: dtoverlay=i2c-rtc,ds3231. A tún ní láti yọ fake-hwclock, sọ́fítíwíà tí ń díbọ́n bí aago, kúrò kí méjèèjì má baà máa jà.

Olùkọ́ tí ń ṣọ́ yàrá ìkàwé nílò bọ́tìnnì tí yóò pa kọ̀ǹpútà náà bó ti yẹ, nítorí fífa iná yọ lójijì máa ń ba káàdì jẹ́. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí ó wà káàkiri ní kí a so bọ́tìnnì mọ́ GPIO 3, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ irin kéékèèké tí a fi ń so nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, nítorí ibẹ̀ náà ni ó ti lè tún bọ́ọ̀dù jí. Ṣùgbọ́n GPIO 3 kan náà ni aago DS3231 fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. A so bọ́tìnnì mọ́ GPIO 26 pẹ̀lú ìlà dtoverlay=gpio-shutdown,gpio_pin=26, a sì fi ṣíwìṣì lásán sójú ọ̀nà iná. Ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ á tẹ bọ́tìnnì, á dúró kí iná aláwọ̀ ewé bọ́ọ̀dù dẹ́kun ṣíṣẹ́jú, á sì wá pa ṣíwìṣì. Ní òwúrọ̀, ṣíwìṣì nìkan ni yóò tan.

Káàdì

Káàdì mẹ́mórì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan nínú àwọn tí a rà ní gígábáìtì 128 lára, ohun tí ó lè gbà ní tòótọ́ kò sì tó ìdajì rẹ̀. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní f3 ni ó tú àṣírí rẹ̀: f3write á kọ nǹkan sí i títí yóò fi kún, f3read á sì ka gbogbo rẹ̀ padà láti mọ̀ bóyá ohun tí a kọ náà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Ó gba wákàtì díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í fi ìwé kankan sórí káàdì tuntun mọ́ láìkọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tí kò bá dán an wò kò ní mọ̀, nítorí káàdì náà yóò gba fáìlì láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣí ìwé ni yóò tó hàn.

Káàdì tí ó gbé ètò ìṣiṣẹ́ ni a tì sí kíkà nìkan láti inú raspi-config, ibi tí a ti ń ṣètò Raspberry Pi, kí ìkọ̀wé má baà máa lọ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Àkọsílẹ̀ Kolibri àti àwọn fáìlì ZIM wà lórí dísìkì USB tí a ṣètò ní ext4, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí a fi ń to fáìlì sórí dísìkì. FAT32, ìlànà mìíràn, kì í gba fáìlì tí ó bá ju gígábáìtì 4 lọ, ọ̀pọ̀ fáìlì ZIM sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpótí náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. A kọ́ olùkọ́ fisíìsì ilé-ìwé náà bí a ṣe ń yọ káàdì, bí a ṣe ń ka èsì get_throttled, àti bí a ṣe ń fi dísìkì gbé fáìlì ZIM tuntun wá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Zero 2 W tí a dán wò wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú káàdì kejì tí ó ti ní gbogbo ètò lórí. Iṣẹ́ tí ó kù ni mítà kékeré tí yóò máa fi fólítì bátìrì hàn lójú àpótí, kí wọ́n lè mọ̀ ní òwúrọ̀ bóyá kí wọ́n lo fídíò lọ́jọ́ náà tàbí kí wọ́n fi mọ sórí ìwé kíkà.